Ẹ Yé Pe Ìsoríkọ́ Ní Àìnígbàgbọ́



Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di orin lẹ́nu àwọn oníwáàsí kan láàárín wa, tí àwọn òbí náà sì ń gbè é. Wọ́n á ní, "Mùsùlùmí òdodo kì í sorí kọ́." Bí ọ̀dọ́ kan bá jókòó sí kọ̀rọ̀, tí kò jẹun, tí kò sùn, tí ó ń sọ pé ayé òun kò já mọ́ nǹkan kan, èsì tí wọn yóò fún un ni pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló dín kù, kí ó lọ tún ìrun rẹ̀ kí. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí àga wáàsí, a ti gbọ́ ọ níbi ìkómọ, a sì ti gbọ́ ọ níbi àdúrà òkú pàápàá. Àwa ń wí pé ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà. Kò bá Àlùkùránì mu, kò bá sunna mu, kò sì bá ìmọ̀ ìṣègùn mu. Èyí tí ó burú jù níbẹ̀ ni pé ó tún ń ti aláìsàn wọ inú kòtò tí a ní kí ó jáde nínú rẹ̀.

Kí ni à ń pè ní ìsoríkọ́?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ló ní àìsàn. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ jóná, ẹni tí ìyá rẹ̀ kú, ẹni tí ìdánwò já, inú rẹ̀ yóò bàjẹ́, nítorí ẹ̀dá ni. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ọkàn yóò máa rọlẹ̀, ẹ̀rín yóò tún padà sẹ́nu. Èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní àìsàn yàtọ̀. Wọ́n ní bí ìbànújẹ́ bá gba ènìyàn lọ́kàn láti òwúrọ̀ di alẹ́, tàbí tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́ ọn mọ́, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Tí oorun rẹ̀ dàrú, tí oúnjẹ kò wù ú, tí agbára rẹ̀ tán, tí kò lè fọkàn sí iṣẹ́, tí ó ń rí ara rẹ̀ bí aláìwúlò, tí ó tilẹ̀ ń ronú ikú, kí á tètè fura. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe wí, iye àwọn tí àìsàn yìí ń bá jà káàkiri ayé ju 280 mílíọ̀nù lọ. Mùsùlùmí wà nínú wọn, ẹlẹ́sìn mìíràn wà nínú wọn. Ẹni tí ń dìde kírun òru wà nínú wọn, ẹni tí kì í kírun rárá náà wà nínú wọn.

Kí ló wà lọ́kàn ẹni tí àìsàn yìí bá mú? Láàárín ọdún 1960 sí 1969, dókítà kan ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, Aaron Beck tí ó kú ní ọdún 2021, fara balẹ̀ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn èrò kan máa ń já wọ ọkàn wọn láìpè. Ó rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni èrò náà pín sí. Èkíní jẹ́ èrò òdì nípa ara ẹni: "Èmi kò wúlò." Èkejì jẹ́ èrò òdì nípa ayé: "Kò sí ẹni tó fẹ́ràn mi, gbogbo nǹkan ló dojú kọ mí." Ẹ̀kẹta jẹ́ èrò òdì nípa ọjọ́ iwájú: "Kò lè dára fún mi láéláé." Ó tún rí i pé lábẹ́ àwọn èrò tó ń já wọlé yìí, gbòǹgbò kan wà nílẹ̀, ìyẹn ohun tí ènìyàn ti gbà gbọ́ nípa ara rẹ̀ láti kékeré, tí kò tilẹ̀ mọ̀ mọ́ pé òun gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé. Kí á ní ọmọ méjì jọ ṣe ìdánwò WAEC, tí ìṣirò já àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ní, "N kò ka ìwé yẹn tó. Màá tún un ṣe." Ó sunkún, ó nu ojú, ó lọ gba fọ́ọ̀mù mìíràn. Èkejì ní, "Bàbá mi ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé olódo ni mí. Ó ti wá hàn sí gbogbo ayé." Ìdánwò kan náà ni, gbòǹgbò tó ti wà nílẹ̀ kí òjò tó rọ̀ ló yàtọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá yin ọmọ kejì yìí, yóò ní àánú òun ló ń ṣe é. Bí ẹnì kan bá kọjá láìkí i, yóò ní ẹ̀rí rèé pé wọn kò fẹ́ràn òun. Kò ní lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mọ́. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ náà kò bá rí i tí wọ́n fà sẹ́yìn, yóò ní òun ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Bí èrò òdì ṣe ń bọ́ ara rẹ̀ nìyẹn, tí gbòǹgbò náà ń wọlẹ̀ sí i lójoojúmọ́.

A kò sọ pé èrò nìkan ló ń fa ìsoríkọ́. Ó wà tí ó ń tẹ̀lé ìdílé. Ó wà tí ó ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ó wà tí àìsàn ara mìíràn, gbèsè, opó ṣíṣe tàbí ìyà ń fà. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí ì báà ti wá, èrò òdì ni ó máa ń fi ṣe ọkọ́ tí ó fi ń gbẹ́ inú ọkàn.

Ẹ wá wo ohun tí à ń ṣe nígbà tí a bá sọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Tẹ́lẹ̀, ó gbà pé bàbá òun ti kọ òun, pé ayé ti kọ òun. Nísinsìnyí, a ti fi kún un pé Ọlọ́hun náà ti kọ òun. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún un ni a fi òkúta dí. Ibo ni ẹ fẹ́ kí ó gbà?

Ta ni yóò sọ pé ìgbàgbọ́ Ànábì Yaakúbù dín kù?

Àwọn tí ń sọ pé onígbàgbọ́ kì í sorí kọ́ máa ń tọ́ka sí Sūratu Yūsuf, níbi tí Ànábì Yaakúbù ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n má sọ ìrètí nù nínú àánú Ọlọ́hun. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn kì í ka àwọn áyà tó ṣáájú rẹ̀? Sūra kan náà ló sọ fún wa pé ojú Yaakúbù funfun nítorí ìbànújẹ́ lórí ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ìbànújẹ́ fọ́ lójú náà ni ẹni tí ó ń kìlọ̀ nípa ìrètí. Bí ìbànújẹ́ àti àìnírètí bá jẹ́ nǹkan kan náà, báwo ni àwọn méjèèjì ṣe lè wà nínú ìtàn ọkùnrin kan ní àkókò kan? Ẹ sì wo àwọn tó ń bá a wí lórí ìbànújẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni, àwọn kan náà tí wọ́n gbé Yúsúfù jù sínú kànga. Kí ẹni tó bá fẹ́ máa bá ẹni tí ó sorí kọ́ wí rántí ẹni tí òun ń fara wé.

Ẹ tún wo Màríyámù, ìyá Ànábì Ísà. Nígbà tí ìrora ìbí mú un lábẹ́ igi dàbínù, tí ó dá wà, tí ó mọ ohun tí àwọn ará ilé yóò sọ, ó wí pé òun ì bá ti kú ṣáájú àkókò náà. Ẹni tí Ọlọ́hun ṣà lẹ́ṣà ló sọ bẹ́ẹ̀. Kí ni èsì tí ó gbà? Wọn kò pè é ní aláìnígbàgbọ́. Wọ́n tù ú nínú, wọ́n fi odò omi hàn án lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí ó mi igi dàbínù kí èso bọ́ sílẹ̀, kí ó jẹ, kí ó mu, kí ojú rẹ̀ tutù. Omi àti oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ ìtùnú ni wọ́n fi ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Wáàsí wákàtí méjì.

Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, a máa tọrọ ìṣọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kúrò lọ́wọ́ ìdààmú àti ìbànújẹ́. Bí ìbànújẹ́ kì í bá dé bá onígbàgbọ́, ìṣọ́ kúrò lọ́wọ́ kí ni ó ń tọrọ? Ọdún tí ìyàwó rẹ̀ Hàdíjátù àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ Abú Tọ́líbù kú, ọdún ìbànújẹ́ ni àwọn oníìtàn pè é.

Ìmáàmù Gàsálí, ẹni tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ̀rí Islāmù, ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ilé ẹ̀kọ́ Nisamíyà ní Bàgídáádì ní ọdún 1095 nígbà tí wàhálà ọkàn dé bá a. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, al-Munqidh min al-Ḍalāl, pé ahọ́n òun so, òun kò lè kọ́ni mọ́, oúnjẹ kò sì gba ọ̀nà ọ̀fun òun kọjá. Àwọn oníṣègùn tọ́jú rẹ̀ títí, wọ́n ní inú ọkàn ni àìsàn náà ti wá. A kò sí níbẹ̀, a kò lè fún àìsàn rẹ̀ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dá wa lójú ni pé ọkàn ọ̀mọ̀wé ńlá lè ṣàìsàn, àti pé wọ́n pe oníṣègùn fún un, kò sì sí ẹni tó yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn Ìmáàmù nítorí rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní nǹkan òyìnbó ni

Wọ́n á ní òyìnbó ló mú ọ̀rọ̀ ìsoríkọ́ dé, pé àwọn baba wa kò mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n lọ ka ìtàn. Abū Zayd al-Balkhī, Mùsùlùmí ọmọ ìlú Balkh ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Afganísítáánì lónìí, kú ní ọdún 934, ìyẹn ó lé ní 1000 ọdún ṣáájú Beck. Ó kọ ìwé kan lórí ìlera ara àti ti ọkàn, Maṣāliḥ al-Abdān wa al-Anfus. Nínú rẹ̀, ó pín ìbànújẹ́ sí oríṣi méjì: èyí tí a mọ ìdí rẹ̀, bí ikú olólùfẹ́ tàbí òfò dúkìá, àti èyí tí a kò mọ ìdí rẹ̀, tí ó ní ara lọ́wọ́ sí, tí ó sì yẹ kí á fi oògùn ara tọ́jú. Ó ní bí ọlọ́gbọ́n ṣe ń tọ́jú oògùn pamọ́ sílé de ọjọ́ àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni kí ó tọ́jú èrò rere pamọ́ sínú ọkàn de ọjọ́ ìpọ́njú. Malik Badri, ọmọ ilẹ̀ Sudan, tú apá tó kan ọkàn nínú ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì jáde ní ọdún 2013. Ibn al-Qayyim náà, ẹni tó kú ní ọdún 1350, ti ṣàlàyé pé bí ènìyàn kò bá lé èrò tó ń kọjá lọ́kàn rẹ̀ dànù, yóò jókòó di ìrònú, ìrònú yóò di ìfẹ́, ìfẹ́ yóò di ìpinnu, ìpinnu yóò di ìṣe, ìṣe yóò sì di bárakú. Ṣé òyìnbó ni àwọn wọ̀nyí?

Àwọn mìíràn á ní àlùjọ̀nnú ló wà nídìí rẹ̀. A kò sẹ́ pé àlùjọ̀nnú wà, Àlùkùránì sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo orí fífọ́ ni àlùjọ̀nnú. Èrò yìí ni àwọn kan gùn lé tí wọ́n fi sọ ilé àdúrà di ilé ẹ̀wọ̀n. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá bá ju 300 ọkùnrin àti ọmọdékùnrin lọ ní ilé kan tí wọ́n ń pè ní ilé kéwú ní Rigasa ní Kàdúná, ọ̀pọ̀ wọn wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n kó 259 ènìyàn jáde ní Òjóò ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n tì wọ́n mọ́ ní orúkọ àtúnṣe. Àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn àti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kan náà ń ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tiwa ni kí á kọ́kọ́ gbá. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kì í lé èrò òdì lọ. Ẹ̀rí ni ó ń jẹ́ fún aláìsàn pé òun kì í ṣe ènìyàn mọ́. Ọmọ Yorùbá ni Dókítà Adéoyè Lambo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1954, tí ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, nítorí ó mọ̀ pé ènìyàn ni aṣọ ènìyàn. Ìjọba àpapọ̀ náà ti fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, láti rọ́pò òfin ayé àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè.

Ẹnu ta ló ń gbin gbòǹgbò?

Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni. "Olódo." "Olórí burúkú." "Wo ẹgbẹ́ ẹ." "Ìwọ yìí ò lè dá nǹkan ṣe láyé ẹ." Ọ̀rọ̀ tí òbí sọ lọ́sàn-án, tí ó ti gbàgbé kí ó tó di alẹ́, ọmọ lè gbé e lọ́kàn fún ogún ọdún. Ní ilé kéwú, ọmọ tí kò tètè gba hárúfù sórí ni wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan á ní ẹ̀kọ́ ni. Àwọn baba wa tó ní kí á fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, wọ́n ní kí á fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì nìkan ni ọ̀pọ̀ ń lò báyìí. Èyí tó tún burú ni òwe tí àwọn àgbàlagbà ń pa fún ọmọ tó kùnà, pé ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ má ṣe pa òwe yìí fún ọ̀dọ́ mọ́. Ẹni tí èrò òdì ti wà lọ́kàn rẹ̀ kò ní gbọ́ ọ bí òwe. Yóò gbọ́ ọ bí ìmọ̀ràn. Nínú ẹ̀sìn wa, ẹ̀sín kò yẹ kí ó gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni.

Béèrè okùn ọ̀rọ̀ náà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìmọ̀ kan wà nínú ẹ̀sìn wa tí ẹ lè fi dojú kọ èrò òdì. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún wa pé Ànábì wí báyìí báyìí, a kì í gbé e mì lódindi. A ó béèrè ìsnáàdì rẹ̀, ìyẹn okùn àwọn tó gbà á wá. Ta ló gbọ́ ọ? Ṣé olóòótọ́ ni? Ṣé ó dá a lójú? Ǹjẹ́ àwọn mìíràn tó ṣeé gbára lé kò sọ ohun tó ta kò ó? Bí okùn bá já, aláìlera ni hàdíìsì náà. Kí ló wá dé tí ẹ fi ń gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa yín láìbéèrè okùn rẹ̀?

Nígbà tí èrò bá dé pé "Ìwọ kò wúlò," bi í pé ta ló gbà á wá. Bóyá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ló sọ ọ́ ní ọjọ́ tí inú ń bí i, nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ànábì kọ̀ fún adájọ́ láti dájọ́ nígbà tí inú bá ń bí i. Kí ló dé tí ìdájọ́ ẹni tí inú ń bí fi múlẹ̀ lórí rẹ? Pe ẹlẹ́rìí mìíràn. Àbúrò rẹ tí o kọ́ ní hárúfù, ìyá àgbà tí o ń pọnmi fún, kí ni wọn yóò sọ? Mú ìwé, kọ èrò náà sílẹ̀. Kọ ẹ̀rí tó gbè é sí apá kan, kọ èyí tó ta kò ó sí apá kejì, kí o sì kọ òótọ́ tó kù sí ìsàlẹ̀. "Ìṣirò já mi lẹ́ẹ̀kan" jẹ́ òótọ́. "Olódo ni mí" kì í ṣe òótọ́. Irú iṣẹ́ yìí ni àwọn oníṣègùn tó tẹ̀lé ọ̀nà Beck ń bá aláìsàn ṣe lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó sì ti wo ọ̀pọ̀ sàn.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ èyí di pàṣán tuntun, kí ó máa ní, "Wọ́n ní kí o yí èrò rẹ padà, o kò yí i." Ẹni tí àìsàn náà ti wọ̀ lára kò lè dá a ṣe, bí ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ kò ṣe lè dá gbé ara rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn ará oko bi Ànábì léèrè bóyá kí àwọn máa tọ́jú ara àwọn, ó ní kí wọ́n ṣe é, nítorí kò sí àrùn tí Ọlọ́hun dá láìdá oògùn rẹ̀, àyàfi ogbó. Àìṣá, ìyá àwọn onígbàgbọ́, a máa ní kí wọ́n se ẹ̀kọ bálì fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, nítorí ó gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé ó ń tu ọkàn lára. A kò ní kí ẹnikẹ́ni pa ìrun tàbí àdúrà tì. Ohun tí a ní ni pé kí á kírun, kí á ṣàdúrà, kí á sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá sọ pé ayé sú òun, ẹ jókòó tì í, ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ bi í gbangba bóyá ó ń ronú àtipa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kò ní gbin èrò náà sí i lọ́kàn, yóò ràn án lọ́wọ́ láti sọ ọ́. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ kó oògùn apakòkòrò àti ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nílé, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Aro wà ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Yábàá ní Èkó, UCH wà ní Ìbàdàn. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn, ẹ mọ̀ pé ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó ṣiṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ó já a sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin Ìmáàmù àti ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ohun méjì ni a ń béèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ fi kútúbà Jímọ̀ kan lọ́dún sọ fún àwọn ènìyàn pé àìsàn ni ìsoríkọ́, pé ó ní ìwòsàn. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó sàdáàkà fún ọkọ̀ àti oògùn ẹni tí kò lágbára. A ń dáwó ra làdánì, a ń dáwó tẹ́ ẹní sí mọ́sáláṣí. Ẹni tí yóò jókòó lórí ẹní náà ni a ń sọ yìí.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí Ó tú àwọn tí ọkàn wọn wúwo nínú, kí Ó sì ṣọ́ ahọ́n wa lórí àwọn ọmọ wa. Àmín.